Títo Ẹ̀rọ Bí Ìlànà Ṣe Là Á Sílẹ̀: Ojúṣe Òṣìṣẹ́ Nínú Ìdánwò Ìfaradà Ẹ̀rọ sí Ìgbì Iná



Ọ̀rọ̀ tí a yàn fún mi láti sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjinníà nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ó kan ẹni tó ń to ẹ̀rọ pọ̀ ní ilé iṣẹ́. Ó kan nọ́ọ̀sì tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn aláìsàn. Ó kan òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó ń so mítà mọ́ ara ilé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó kan òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé pé ẹ̀rọ kan ti yege ìdánwò. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ohun tí ìdánwò ìfaradà jẹ́, ìdí tí ìlànà fi ń sọ bí a ṣe gbọdọ̀ to ẹ̀rọ kalẹ̀ kí a tó dán an wò, àti ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ọ̀gá bá ní kí a gba ẹ̀bùrú.

Kí ni ìdánwò ìfaradà?

Níbikíbi tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá ti ń ṣiṣẹ́, ìgbì kan tí ojú kò lè rí máa ń jáde. Ó ń jáde láti ara òpó rédíò, láti ara fóònù alágbèéká, láti ara wọkitọ́kì ọlọ́dẹ, láti ara ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀. Ìgbì yìí lè wọ inú ẹ̀rọ mìíràn: ó lè gba ara okùn iná wọlé, ó sì lè gba àlàfo ara àpótí ẹ̀rọ wọlé. Bí ó bá wọlé tán, ó lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ náà rú. Bí ó bá jẹ́ rédíò ni, yóò kàn máa han ganranran. Ìyẹn kò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka omi oògùn sí ara aláìsàn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń dá ìjánu ọkọ̀ dúró ńkọ́?

Kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, èyí tí a mọ̀ sí FDA, ṣe ìwádìí nípa kẹ̀kẹ́ oníná tí àwọn aláàbọ̀ ara ń lò. A rí i pé ìgbì rédíò lè mú kí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dédé rìn láìjẹ́ pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àjọ náà gba àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí ó lè fara da ìgbì tó tó fólítì 20 ní mítà kan, kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Ẹ ronú nípa ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá ń gbé e lọ sí ojú títì.

Ìdánwò ìfaradà ni a fi ń mọ̀ ṣáájú bóyá ẹ̀rọ kan lè dúró lójú irú ìgbì bẹ́ẹ̀. A ó mọ̀ọ́mọ̀ rán ìgbì sí ẹ̀rọ náà, a ó mọ iye tí a rán, a ó sì máa wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ̀ yóò yẹ̀.

Ibi tí ìlànà ti wá

Àjọ tó ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ iná fún gbogbo ayé, tí a ń pè ní IEC, ti wà láti ọdún 1906. Ní ọdún 1934 ni ìgbìmọ̀ kan tí a ń pè ní CISPR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ oníná ti ń da gbígbọ́ rédíò rú. Ní ìgbà náà, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe da ẹlòmíràn láàmú. Nígbà tí ó yá, ó hàn gbangba pé ìyẹn nìkan kò tó: ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ gbọdọ̀ ní ìfaradà. Èyí ló bí ọ̀wọ́ ìlànà tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 61000-4. Nínú wọn, 61000-4-2 wà fún iná tó ń ta láti ara ènìyàn; 61000-4-3 wà fún ìgbì tó ń gba inú afẹ́fẹ́; 61000-4-4 wà fún ìta iná léraléra tó ń wá láti ara síwíìṣì; 61000-4-5 wà fún irú iná ńlá tí àrá máa ń fà; 61000-4-6 sì wà fún ìgbì tó ń gba ara wáyà wọlé.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin gbe ọ̀rọ̀ yìí ró ní ọdún 1989, ó sì di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 pé ẹ̀rọ tí kò bá bá a mu kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin ọdún 1971 ló dá àjọ SON sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ìlànà àti òṣùwọ̀n. Láti ọdún 2005 ni àjọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò SONCAP, èyí tó ń béèrè ìwé-ẹ̀rí lórí ọjà tí a bá ń kó wọlé láti òkèèrè. Ìwé-ẹ̀rí ni gbogbo ètò yìí gùn lé. Ìdánwò ni ìwé-ẹ̀rí sì gùn lé. Bí ìdánwò bá wá jẹ́ èyí tí a ṣe ní ìṣekúṣe, kí ni ìwé náà tún jẹ́ ju bébà lọ? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìdí tí títo ẹ̀rọ fi ṣe pàtàkì

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: “Bí a bá ṣáà ti rán ìgbì sí ẹ̀rọ, kí ló kan bí tábìlì ṣe ga tó tàbí bí wáyà ṣe gùn tó?” Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú wáyà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wáyà tó bá jáde lára ẹ̀rọ ló ń ṣe bí eríàlì. Bí gígùn rẹ̀ ṣe bá gígùn ìgbì mu ni yóò ṣe gba ìgbì náà wọlé tó. Ìgbì mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 80 gùn tó mítà 3.75, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Èyí fi hàn pé wáyà mítà kan péré tó nà gbọọrọ níwájú ìgbì náà ti tó eríàlì gidi. Ìdí nìyí tí ìlànà 61000-4-3 fi ń béèrè pé kí a jẹ́ kí mítà kan lára okùn ẹ̀rọ hàn sí ìgbì. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá ká okùn náà jọ, tó sì tì í sẹ́yìn àpótí ẹ̀rọ, ó ti gé eríàlì náà kúrò. Ẹ̀rọ náà yóò yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n na okùn rẹ̀ láti orí ibùsùn dé ara ògiri, eríàlì náà ti padà dé. Ohun tí ilé ìdánwò kò rí, aláìsàn ni yóò rí i.

Tábìlì náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀rọ orí tábìlì gbọdọ̀ wà ní mítà 0.8 sí ilẹ̀, lórí ohun tí iná kì í gbà kọjá. Bí a bá lo tábìlì onírin, irin yóò da ìgbì padà, ìgbì tó padà yóò sì pàdé èyí tó ń bọ̀: níbì kan wọn yóò ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọn yóò pa ara wọn. Igi pàápàá lè da ìgbì rú bí mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì rẹ̀ bá ti ga púpọ̀. Fóòmù líle ló sàn jù nígbà náà. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń dúró lé kì í gun tábìlì. A ó gbé e lé ohun pẹlẹbẹ tó ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15.

Kí ẹ̀rọ tó dé yàrá rárá, a gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọn ìgbì náà nígbà tí yàrá ṣófo. Ìlànà ní kí a ya ojú kan tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tó sì ga ní mítà 1.5, kí a wọn ìgbì ní ojú ibi 16 lórí rẹ̀. Ó kéré tán, ojú ibi 12 nínú 16 náà gbọdọ̀ bá òṣùwọ̀n mu, ìyẹn ni pé ìgbì ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí iye tí a fẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá ti wọn ọ́n tán, ohun gbogbo gbọdọ̀ wà bí ó ṣe wà: ibi tí eríàlì dúró sí, àti fóòmù dúdú tó ń gbé ìgbì mì tí a tẹ́ sílẹ̀ láàárín eríàlì àti ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá ká fóòmù náà kúrò kí ó lè rí ọ̀nà gbé ẹrù kọjá, tí kò sì dá a padà sí àyè rẹ̀, iye tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe iye tó ń kan ẹ̀rọ mọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwé ti purọ́.

Ní ti ìgbì tó ń gba ara wáyà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti kìlóhẹ́ẹ̀sì 150 dé mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 80, ètò mìíràn ni. Ẹ̀rọ yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí orí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti ìgbì sínú wáyà yóò sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30 sí i. Ní ti ìta iná léraléra, wáyà tó wà láàárín ẹ̀rọ ìdánwò àti ẹ̀rọ orí tábìlì tí a ń dán wò jẹ́ ìdajì mítà. Bí okùn tí kò ṣeé yọ bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà tí kò fi ní di òrùka, nítorí pé òrùka wáyà máa ń fa ìgbì sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ ìdí yóò rò pé ìmẹ́sẹ̀tò lásán ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ohun tí a ń dán wò gan-an nìyẹn.

Ọyẹ́, òjò, àti iná tó ń ta lára ènìyàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Máídúgùrì, ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, bí ènìyàn bá bọ́ aṣọ ọlọ́ràá, iná yóò ta pàrà lára rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kan irin, yóò gbọ̀n. Iná kékeré yẹn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìlànà 61000-4-2 ló ń dán ìfaradà sí i wò. Ohun èlò tó rí bí ìbọn ni a fi ń ta iná náà. Bí a bá fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti fólítì 2000 dé 8000. Bí a bá jẹ́ kí ó fò láti inú afẹ́fẹ́, ó lè dé 15000.

Títò rẹ̀ kò rọrùn bí a ti rò. Lórí tábìlì onípákó tó ga ní mítà 0.8, irin pẹlẹbẹ kan yóò wà tó gùn ní mítà 1.6, tó sì fẹ̀ ní mítà 0.8. Ohun tín-ínrín tí iná kì í gbà kọjá, tó nípọn ní ìdajì mìlímítà, yóò wà láàárín irin náà àti ẹ̀rọ. Okùn kan tó ní ohun adíná méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kìlóómù 470, ni yóò so irin orí tábìlì mọ́ irin ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí iná tó jókòó sórí irin náà ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ kí a tó tún ta òmíràn. Bí ẹ̀rọ tí a ń dán wò kò bá ní okùn áàsì, iná tí a ta sí i kò rí ibi lọ. A gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ ṣáájú ìta kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìta kìíní nìkan ni ìta gidi. Ẹ̀rọ náà ti kún tán kí ìkejì tó dé. Ìlànà béèrè ó kéré tán ìta 10 ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò mọ̀ bí òṣìṣẹ́ bá ta 10 tó jẹ́ pé ọ̀kan péré ló kan ẹ̀rọ bó ṣe yẹ? Kò sí, àfi òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin sì tún wà níbẹ̀, èyí tó kan ilẹ̀ wa gidigidi. Ìlànà ní kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín ìdá 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ooru rẹ̀ sì wà láàárín ìwọ̀n 15 sí 35. Ní Èkó, ní Port Harcourt, ní Kàlábà, nígbà òjò, ọ̀rinrin ìta máa ń kọjá 60 fíìfíì. Bí a kò bá fi ẹ̀rọ amúlétutù gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá, ìta iná inú afẹ́fẹ́ kò ní rí bí ìlànà ṣe fẹ́. Ẹ̀rọ tó bá yege ní etí òkun nígbà òjò lè lọ daku ní àríwá nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú kéré ìlà tí a ń kọ ọ̀rinrin àti ooru sí nínú ìwé ìdánwò. Iye tí ẹ kà ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe da ti àná kọ.

Àkókò: ibi tí ẹ̀bùrú ti pọ̀ jù

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Nínú ìdánwò ìgbì afẹ́fẹ́, a ń gun àkàsọ̀ láti mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 80 lọ sókè, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti 80 dé 1000, ìṣísẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 254. A ó ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ẹ̀rọ náà, eríàlì yóò dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ọ̀nà mẹ́jọ, ìṣísẹ̀ náà sì di nǹkan bí 2032. Ìlànà ní kí a má ṣe dúró dín ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lórí ìṣísẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé ìdúró náà gbọdọ̀ tó àkókò tí ẹ̀rọ yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi àṣìṣe rẹ̀ hàn bí ó bá ní in.

Bí a bá dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ yóò parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3, yóò lé ní wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 10 ló fi ń parí ìyípo iṣẹ́ rẹ̀ kan: yóò gbà ju wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ìdẹkùn wà. Oníbàárà ń dúró, ọ̀gá ń wo aago, ẹni tó ń ṣe ìdánwò sì mọ̀ pé bí òun bá dín ìdúró kù, òun lè tètè lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò dúró tì kò ní àyè láti sọ àìsàn rẹ̀ fún wa.

Ìgbì tí a ń sọ yìí kò sì ṣọ̀wọ́n ní ayé. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a mọ̀ jù ni fólítì 1, 3 àti 10 ní mítà kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, wọkitọ́kì tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5 lè rán ìgbì tó ju 10 lọ sí ohun tó wà ní mítà kan sí i. Ọlọ́dẹ tó ń sọ̀rọ̀ sínú wọkitọ́kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àìsàn kò mọ ohun tó ń ṣe. Àwa tí a dán ẹ̀rọ wò ni ó yẹ kí a ti mọ̀ fún un.

Ààbò òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀

Ìlànà títò kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ nìkan; ara àti ẹ̀mí òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́rin yìí sọ́kàn.

Èkíní, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wà nínú yàrá nígbà tí ìgbì bá wà ní títàn. Ilẹ̀kùn gbọdọ̀ ní síwíìṣì tí yóò pa ìgbì bí a bá ṣí i. Ẹni tó bá fi wáyà so síwíìṣì náà pọ̀ kí iṣẹ́ lè yá, ó ti yọ ààbò gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Èkejì, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí àrá ń kó iná pamọ́ sínú ara rẹ̀, iná náà sì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. A gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tú iná rẹ̀ dànù kí a tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹta, asẹ́ iná àti ẹ̀rọ ìsopọ̀ tí a ń lò níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ jò sí ilẹ̀. Okùn áàsì ni a gbọdọ̀ kọ́kọ́ so, òun náà ni a gbọdọ̀ yọ gbẹ̀yìn. Bí síwíìṣì ààbò bá ń já, ẹ má ṣe gé áàsì kúrò kí ó lè dúró. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀ láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi ìta iná. A gbọdọ̀ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní èdè tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́: Yorùbá, Haúsá, Ígbò, tàbí èdè mìíràn tó bá bọ́ sí i.

Nígbà tí ọ̀gá bá ní kí a gba ẹ̀bùrú

Mo dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan. Ẹ̀rọ tó ń dán wò ń ṣubú lójú ìgbì mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì kan. Ọ̀gá rẹ̀ wọlé, ó ní: “Sún okùn yẹn sẹ́yìn díẹ̀, kí o tún un ṣe.” Òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé bí òun bá sún un, ẹ̀rọ yóò yege. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, iṣẹ́ òun lè bọ́. Ó ní ọmọ ní ilé ìwé. Kí ni kí ó ṣe?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa jẹ pé ìbéèrè náà rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rí apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣe ènìyàn léṣe lọ́jọ́ iwájú, ìwé ìdánwò ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Orúkọ ta ni wọn yóò bá lábẹ́ rẹ̀? Ti òṣìṣẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kò ní sí nínú ìwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Orí ẹni tó fọwọ́ sí i ni yóò sì bá a sí.

Òṣìṣẹ́ náà kò ṣófo lọ́wọ́. Ìlànà ISO/IEC 17025, tí àwọn ilé ìdánwò gbogbo ayé ń tẹ̀ lé láti ọdún 1999, sọ ọ́ gbangba pé ilé ìdánwò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó, oníbàárà tàbí agbára mìíràn da òdodo iṣẹ́ rú. Bí ilé iṣẹ́ bá ń fi ìlànà yìí wá oníbàárà, ó gbọdọ̀ fi í dáàbò bo òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ti ààbò ara, Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti ọdún 1981, sọ nínú abala 13 pé òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí tó dájú láti gbà pé ewu ńlá ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 1994.

Ẹ kíyè sí i pé bí a kò ṣe gbọdọ̀ ran ẹ̀rọ búburú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ fi ìtòkútò gbá ẹ̀rọ rere lulẹ̀. Bí òrùka wáyà wa bá mú kí ẹ̀rọ dáadáa ṣubú, ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè pàdánù ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa lè pàdánù iṣẹ́. Òṣùwọ̀n kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó fi dára nìyẹn.

Ohun tí a gbọdọ̀ béèrè

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ẹgbẹ́ ní irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀ gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ sí iwájú àwọn ọ̀gá, kí ó sì wọ inú ìwé àdéhùn:

1. Kí ètò ìdánwò wà ní kíkọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: bí a ó ṣe to ẹ̀rọ, bí ìdúró yóò ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí a ó pè ní yíyege. Ìlànà ti ya èyí sí ìpele mẹ́rin: kí iṣẹ́ má yẹ̀ rárá, kí ó yẹ̀ díẹ̀ kí ó sì dá ara rẹ̀ padà, kí ó yẹ̀ títí ènìyàn yóò fi tún un tàn, tàbí kí ó bàjẹ́ pátápátá. Ìpele tí a ń fẹ́ kò gbọdọ̀ yí padà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣubú.

2. Kí a ya fọ́tò bí a ṣe to ẹ̀rọ kalẹ̀ ní gbogbo ìdánwò, kí ó sì wà pẹ̀lú ìwé àbájáde. Fọ́tò kì í bẹ̀rù ọ̀gá.

3. Kí ìyípadà yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ní kí a ṣe sí títò wà ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pa àṣẹ náà àti ìdí rẹ̀.

4. Kí a máa gbé ohun èlò ìwọ̀n lọ fún àtúnyẹ̀wò ní àkókò tó yẹ, kí ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ yóò pé sì hàn lára rẹ̀.

5. Kí ilé iṣẹ́ ra ìwé ìlànà tó bá ìgbà mu, kí ó sì wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tó ń ṣe iṣẹ́. Ìlànà tí a tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

6. Kí a kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdí ohun tó ń ṣe, kì í ṣe bí a ṣe ń ṣe é nìkan, kí àkókò ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ àkókò tí a sanwó fún.

7. Kí ó má sí ìjìyà fún ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí.

Kò sí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè dá gba gbogbo èyí. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó dá nìkan sọ pé òun kò ní sún okùn sẹ́yìn, olórí kunkun ni wọn yóò pè é. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdánwò bá jọ sọ ọ́, tí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn, ó ti di ìlànà ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tí a ń sọ yìí kì í hàn sí aráyé. Ẹni tí ẹ̀rọ náà gba ẹ̀mí rẹ̀ là kò ní mọ̀ láé pé ẹnìkan fi tépù wọn gíga tábìlì, pé ẹnìkan na okùn náà dáadáa, pé ẹnìkan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Síbẹ̀, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni, ó sì ní iyì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀, kí a sì dúró ti ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá fẹ́ fi ìyà jẹ nítorí pé ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.